Kéèkì Kò Tó: Rósítà Ara Ògiri Ni Kí Ẹ Tún Kọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ní gbogbo ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n bí Florence Nightingale ní 1820, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń jẹ kéèkì. Wọ́n á dá aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á rìn lójú pópó, àwọn ọ̀gá á kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, nọ́ọ̀sì méjì lè gba wọ́ọ̀dù tó ní ibùsùn 30 títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ọ̀kan nínú wọn sì ti wà ní òru kẹfà tó ń ṣe léraléra. Rósítà, ìwé ètò tó ń sọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí yóò ṣe é, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá nọ́ọ̀sì, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn la fẹ́ bá àwọn mátírọ́nì, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn àti ẹ̀yin ará Ìkòròdú sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni àìsàn nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà la sì ti lè dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, iṣẹ́ àárọ̀ ń lọ láti aago mẹ́jọ sí méjì, iṣẹ́ ọ̀sán láti méjì sí mẹ́jọ alẹ́, iṣẹ́ alẹ́ láti mẹ́jọ sí mẹ́jọ. Ká ní wọ́ọ̀dù kan fẹ́ nọ́ọ̀sì mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án, mẹ́ta lálẹ́. Iṣẹ́ àárọ̀ gba wákàtí 24, ti ọ̀sán gba 18, ti alẹ́ gba 36. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 78 lójúmọ́, 546 lọ́sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ẹni 14 ni wọ́ọ̀dù yẹn ń fẹ́. A ò tíì yọ ìsinmi ọdọọdún o. Bí ẹni 14 bá ní ọjọ́ 30 ìsinmi lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 420 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 365 péré ló wà nínú ọdún: bíi pé ẹnì kan wà nílé láti January títí dé December, tí ẹlòmíì sì tún ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ wá fi àìsàn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìsinmi ìbímọ kún un, ẹni 16 ni yóò tó. Níbi tí ẹni mẹ́sàn-án bá ti ń ṣe é, ẹ pín 546 sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ẹ ó rí i pé ó lé ní wákàtí 60 lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láì ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń fa aláìsàn lé ara wọn lọ́wọ́.

Ìdí tí a fi ṣírò rẹ̀ síta ni pé ọ̀pọ̀ mátírọ́nì ló ń kọ lẹ́tà sókè pé "a ò pọ̀ tó." Àwọn aláṣẹ á kà á, wọ́n á tì í bọ fáìlì. Ẹ̀yin mátírọ́nì wa, ẹ kọ 546, ẹ kọ 9, ẹ kọ 60, kí ẹ so rósítà oṣù mẹ́ta mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ yóò ní láti jókòó tún un ṣírò.

Ó kàn ohun tó wà lọ́wọ́ mátírọ́nì fúnra rẹ̀, tí kò nílò owó ìjọba. Ní 1977, àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé gbé ìmọ̀ràn jáde lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pé ó kéré tán, wákàtí 12 gbáko ni kó wà láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn, kí nọ́ọ̀sì sì tètè mọ ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó lè ṣètò ilé rẹ̀. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n kọ iṣẹ́ ọ̀sán fún lónìí, tí wọ́n kọ iṣẹ́ àárọ̀ fún lọ́la. Lórí ìwé, láti mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ òwúrọ̀, wákàtí 12 pé. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló tó parí ìròyìn aláìsàn fún àwọn alẹ́. Ọkọ̀ ojú omi Ẹ̀bútè kì í dúró de òkùnkùn, nítorí náà ẹni tó ń gbé lódìkejì ọ̀sà á forí lé Máìlì 12. Ẹni tó ń lọ Ìmọ̀tà á dúró ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó kún. Bó bá délé ní mẹ́wàá, tó wẹ̀, tó jẹun, tó sùn ní mọ́kànlá, aago márùn-ún ìdájí ni yóò jí kó lè dé wọ́ọ̀dù ní méje ààbọ̀. Oorun wákàtí mẹ́fà nìyẹn, bí ọmọ ọwọ́ kò bá jí i. Ẹ má kọ ọ̀sán di àárọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ yí iṣẹ́, ẹ máa yí i lọ síwájú: àárọ̀, kó kan ọ̀sán, kó kan alẹ́, kó wá kan ìsinmi. Ó rọrùn fún ara láti pẹ́ sùn ju kí ó tètè sùn lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbìyànjú láti sùn ní aago méje alẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ ni èyí tó le jù. Òru méje léraléra, wákàtí 12 lóru, 84 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan nínú, nítorí pé àwọn fúnra wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún òru méje kí wọ́n lè fi ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni tàbí kí wọ́n tajà. Owó oṣù kò tó, a kò lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ara kì í gba àlàyé owó. Òru mẹ́ta ni kó pọ̀ jù léraléra, kí ọjọ́ méjì gidi tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ má kà á mọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ oorun ni.

Òru àkọ́kọ́ gan-an ni ewu pọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì jí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó múra àwọn ọmọ, ó lọ ọjà Ṣábó, ó se ọbẹ̀, ó wọlé iṣẹ́ ní mẹ́jọ alẹ́. Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, ó ti wà lójúfò fún wákàtí 17. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tó bá wà lójúfò tó bẹ́ẹ̀ ń ṣe nǹkan bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.05 nínú 100. Bó bá pé wákàtí 24, ó ti dà bíi 0.10. Ìgbà wo ni yóò pé wákàtí 24? Aago mẹ́fà ìdájí, àsìkò tó ń fún gbogbo wọ́ọ̀dù lóògùn. Ẹ gbé ínsúlínì yẹ̀ wò. Èyí tí a ń lò jù ní yúníìtì 100 nínú mílílítà kan. Yúníìtì 10 jẹ́ 0.1 mílílítà péré. Bí sírínjì ínsúlínì bá tán tí ẹni tí oorun ń kùn fi sírínjì lásán fa mílílítà kan, yúníìtì 100 ló fún aláìsàn yẹn, ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì méjì ni kó máa ka ínsúlínì, heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) àti magnesium sulphate (oògùn gìrì aboyún) lóru: ọ̀kan á fà á, ìkejì á ka iye náà jáde láti ara sírínjì fúnra rẹ̀, kì í ṣe kó kàn sọ pé "ó dáa."

Kí nọ́ọ̀sì sùn fún wákàtí kan ààbọ̀ ó kéré tán lọ́sàn-án kó tó wọ òru àkọ́kọ́. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, kí wọ́n máa tòògbé ní ìdákọ̀ọ̀kan, 20 sí 30 ìṣẹ́jú, kí ẹnìkejì wà lójúfò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kò gbọdọ̀ ṣírò oògùn títí ìṣẹ́jú 15 yóò fi kọjá, ojú nìkan ló là, ọpọlọ ṣì ń sùn. Obì, kọfí àti àwọn ohun mímu inú agolo tó ń lé oorun: ẹ dáwọ́ wọn dúró ní aago méjì òru, nítorí pé lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì káfíìnì inú wọn ṣì wà lára, òun ni kì í jẹ́ kí èèyàn sùn bó bá délé. Kí wọ́n jẹun gidi kí wọ́n tó wọlé iṣẹ́. Ẹ̀bà aago méjì òru máa ń dúró láyà ni. Bí wọ́n bá ń lọlé láàárọ̀, kí wọ́n wọ awò dúdú kí oòrùn má bàa jí ara. Ẹni tó bá ní ọkọ̀, kó fi sílẹ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì.

Ewu kejì ni ẹnu abẹ́rẹ́. Nínú NAIIS, ìwádìí lórí HIV tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nǹkan bí àgbàlagbà 8 nínú 100 ló ní hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àwọn tó ní HIV kò tó 2 nínú 100. Síbẹ̀ HIV nìkan ni nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù bí abẹ́rẹ́ bá gún un. Bí abẹ́rẹ́ tó jáde lára ẹni tó ní HIV bá gúnni, nǹkan bí ẹni 3 nínú 1,000 ló ń kó o. Ti hepatitis B, fún ẹni tí kò gba àjẹsára, wà láàárín 6 sí 30 nínú 100. Kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè lórí tábìlì fún ọjọ́ 7.

Àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, nítorí pé oṣù márùn-ún ló wà láàárín rẹ̀ àti ìkejì, wọ́n á ti gbé nọ́ọ̀sì lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Oṣù kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ohun ìdáàbòbò inú rẹ̀ tó 10 mIU/mL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá tó, yóò tún un gbà. Kí mátírọ́nì ní ìwé kan tí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú orúkọ kálukú. Ojú ìwé kan ni, kò gbowó.

Kí ló ń mú kí abẹ́rẹ́ gúnni? Ẹni tó fẹ́ dé ìdérí abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn tó lò ó, ọwọ́ kejì tó di ìdérí ló máa ń gún. Àpótí abẹ́rẹ́ tó kún dé ẹnu: ẹni tó tẹ̀ lé e á fi ọwọ́ tì í wọlé. Bí ó bá ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa, ẹ gbé òmíràn. Àpótí tó wà ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù náà ni ọ̀ràn, nítorí pé nọ́ọ̀sì á mú abẹ́rẹ́ ìhòòhò rìn kọjá ibùsùn mẹ́wàá; orí kẹ̀kẹ́ oògùn ló yẹ kó wà, kó máa bá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Ọmọdé tó ń jà, ẹni tí gìrì mú, ẹ má dá nìkan gún wọn lábẹ́rẹ́. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń fọ aṣọ: abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì gbàgbé sínú aṣọ ibùsùn, ọwọ́ tiwọn ló ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ kì í sí orúkọ wọn nínú ìwé àjẹsára.

Bí ó bá ti gúnni, ẹ má fún ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má da sípíríìtì tàbí hípò sí i. Èyí ń bó ẹran ara, á sì tún ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún kòkòrò. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ó tó. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ni ẹ̀jẹ̀ ta sí, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa. Ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì wò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì bẹ aláìsàn náà kó gbà kí a yẹ tirẹ̀ wò. Oògùn ìdènà HIV ní láti bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Bí wákàtí 72 bá ti kọjá, kò wúlò mọ́. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ló ń dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí èébì, tàbí nítorí pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò lè sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́ àná. Ti ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ti oṣù kẹta ló lè sọ ọ́. Ti hepatitis B ní tirẹ̀, bí nọ́ọ̀sì kò bá tíì gba àjẹsára, kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: abẹ́rẹ́ gún nọ́ọ̀sì ní alẹ́ Friday, yàrá tí oògùn yẹn wà sì wà ní títì títí di àárọ̀ Monday. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ Friday sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Monday, wákàtí 60 ti lọ nínú 72. Ẹ fi oògùn ọjọ́ mẹ́ta sínú àpò kan lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ alẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ìdérí àpótí abẹ́rẹ́.

Èyí kò sì lè ṣiṣẹ́ bí ẹnu mátírọ́nì bá mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọmọdé nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti bi léèrè níwájú aláìsàn rí pé "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà kejì. Yóò fọwọ́, yóò dákẹ́, wákàtí 72 yóò kọjá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu ọ̀gá ni, "Aago mélòó ló gún ẹ?" Bákan náà ni oògùn tí a ṣì fún ni. Wọ́ọ̀dù tí kò bá ní àṣìṣe kankan nínú ìwé rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà, ẹ má yìn ín, àwọn ibẹ̀ ń bẹ̀rù ni. Ìbáwí yẹ kó wà, ṣùgbọ́n inú yàrá, tí ilẹ̀kùn wà ní pípadé, lẹ́yìn tí a bá ti tọ́jú ẹni tó fara pa. Kí mátírọ́nì náà sì máa lọ jẹun lójú gbogbo wọn. Bí ọ̀gá kì í bá sinmi, kò sí ọmọ iṣẹ́ tí yóò láyà láti sinmi, ìtọ̀ ni wọn yóò máa dì mọ́ra láti àárọ̀ títí wọn yóò fi kó àrùn ìtọ̀.

Ti ẹ̀yìn, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí nọ́ọ̀sì má fi ọwọ́ gbé ju kílò 16 lọ lára aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà méjèèjì lásán lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ má gbé e, ẹ fà á. Ẹ ti bíréèkì ibùsùn, ẹ yọ ìrọ̀rí, ẹ ká aṣọ ibùsùn sí méjì kó wà lábẹ́ rẹ̀ láti èjìká dé itan, ẹni kan lápá ọ̀tún, ẹni kan lápá òsì, kí ẹ ká etí aṣọ náà títí yóò fi sún mọ́ ara aláìsàn, ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni 30 láàárọ̀ lè má wọn tirẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ. Kí wọ́n máa wọn ti òṣìṣẹ́ ní Monday àkọ́kọ́ oṣù, kí wọ́n sì wọn ọ́n bó ṣe yẹ: kí ó ti tọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà ní ọ̀gangan ọkàn. Bí aṣọ ẹ̀rọ bá kéré fún apá tó tóbi, yóò máa pe iye tó ga ju òótọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lọ rí dókítà, kí ó má lọ fi ìmọ̀ ara rẹ̀ ra oògùn.

Ẹ̀yin ará ìlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tó forí lé tábìlì ní aago mẹ́ta òru, ẹ má ya fídíò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó bóyá ẹnìkejì rẹ̀ wà lójúfò. Bó bá wà, wọ́n ti pín in bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹbí tí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀, kí nọ́ọ̀sì má bàa ṣe àlàyé kan náà fún ìyá, àbúrò, ọkọ àti pásítọ̀. Ẹ máa kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò wá nínú ọ̀rá kan, àti àgbo pàápàá, kò sẹ́ni tí yóò bá yín wí. Bí ẹ bá sì ń bá nọ́ọ̀sì gbé inú ọgbà kan náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni òru tirẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé rẹ̀.

Ó ku ohun kan tó jẹ́ ti Ìkòròdú nìkan, tí àwọn tó ń kọ òfin iṣẹ́ láti Ìkẹjà kì í rántí. Bí wọ́n bá ti kéde ọjọ́ Orò, obìnrin kì í jáde. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú nọ́ọ̀sì. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ alẹ́ kò ní lè lọlé, àwọn iṣẹ́ àárọ̀ kò ní lè dé, ẹni tó ti wà lójúfò láti àná ni yóò tún máa fa oògùn lọ́sàn-án. A kì í gbọ́ ìkéde náà ní ọ̀sán gangan ọjọ́ rẹ̀, àyè wà láti múra. Kí àwọn obìnrin iṣẹ́ àárọ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n sì sùn ní ọsibítù. Kí ẹ pèsè ibùsùn, omi ìwẹ̀ àti oúnjẹ fún ìpín méjèèjì. Kí àwọn ọkùnrin nọ́ọ̀sì gba iṣẹ́ ọ̀sán. Kí àwọn tó ṣe alẹ́ lọ sùn nínú yàrá tó ní kọ́tìnì dúdú, kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n pé "ẹ ṣáà wà níbí." Kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sínú rósítà pẹ̀lú bíírò pupa, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Àwa nọ́ọ̀sì kan,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó.